Àǹtí Tó Ń Wá Ọmọ Kiri

Nígbà tí Àǹtí kọ́kọ́ gba iṣẹ́ olùkọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò náà, kò sẹ́ni tó ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún àlejò. Ariwo ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣáà máa lọ tààrà, ibi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ tó dà bíi pé ilé fẹ́ wó, ibẹ̀ náà ni." Kíláàsì mẹ́ta ló wà nígbà náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kún bámúbámú. Ọmọ mẹ́ta ń jókòó sórí àga tí wọ́n ṣe fún ẹni méjì. Ọmọ tó bá fẹ́ tọ̀ ní láti tètè ké gbàjarè, torí kó tó kàn án lórí ìlà, ṣòkòtò á ti tutù. Tọ́wọ́ bá dilẹ̀ lọ́sàn-án, ohùn Àǹtí á ti há, etí rẹ̀ á máa hó yee, ẹnu ọ̀nà ló sì ti máa ń bọ́ bàtà kó tó wọlé, torí ẹsẹ̀ á ti wú.

Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ariwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Lọ́dún kan, àga bíi mélòó kan ṣófo, wọ́n ní bóyá àwọn òbí ọmọ wọ̀nyẹn kó lọ ni. Lọ́dún míì, wọ́n pa kíláàsì méjì pọ̀, wọ́n ní kí àyè lè gbà wọ́n dáadáa ni. Nígbà tó fi máa di ọdún tá à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kíláàsì ti ku ẹyọ kan, àwọn ọmọ inú rẹ̀ ò sì ju mẹ́rin lọ: ọ̀kan tó máa ń sunkún, ọ̀kan tó máa ń sùn, ọ̀kan tó máa ń géni jẹ, àti ọmọbìnrin kékeré kan tó máa ń béèrè ìdí tí gbogbo nǹkan fi rí bó ṣe rí. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣeré òbìrìkìtì, ọwọ́ wọn kì í yí i ká. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló máa ń kó sí i, á di ọwọ́ ẹlẹ́kún mú lápá kan, á di ti agénijẹ mú lápá kejì, á wá tẹ̀ kóló bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́ sílẹ̀, wọn á sì jọ máa yí.

Obìnrin tó ti lé ní márùndínlọ́gọ́ta ni. Àǹtí ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan àwọn tó jù ú lọ, nítorí kò sẹ́ni tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò tó ti gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀, ọwọ́ ara ọkùnrin náà ló sì fi kọ́ ilé yàrá mẹ́rin tí wọ́n gbé pọ̀ kó tó di pé àìsàn àyà mú un lọ lọ́dún bíi mẹ́ta sẹ́yìn. Àǹtí ń sùn nínú yàrá kan, ó ń lọ aṣọ nínú ìkejì. Méjì tó kù, ó kàn máa ń ṣí wọn lọ́jọ́ Sátidé, á gbá wọn, á nu fèrèsé wọn, á sì tún tì wọ́n pa. Kò sí ẹsẹ̀ tó dọ̀tí wọn láti Sátidé tó kọjá, ṣùgbọ́n eruku ò dúró de ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kó tó wọlé.

Nígbà tí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ ń parí lọ, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, tó jẹ́ pé tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ le, gíláàsì ojú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bọ́, á wá máa nù ún. Bí Àǹtí ṣe wọlé, ó ti ń nù ún.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó."

"Ẹ wulẹ̀ sọ ọ́ tí mo bá ṣì wà lórí ìdúró, sà."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Wọ́n ti ránṣẹ́ láti òkè. Tí a ò bá rí ọmọ mẹ́wàá kó sínú kíláàsì yín kó tó di ìwọlé, wọ́n á tì í pa. Wọ́n á kó àwọn tó wà níbẹ̀ lọ sí ilé-ìwé tó wà ní òdìkejì ìlú. Bọ́ọ̀sì á máa gbé wọn."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fẹ̀yìn tì, mà. Wọ́n á sìn yín dáadáa."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á ṣe bíi pé mo kú ni. Sà, ọmọ mẹ́fà péré ló kù ká pé mẹ́wàá. Èmi ni mo kọ́ gbogbo àwọn géńdé àdúgbò yìí ní á-bí-dí. Àsìkò ti tó ká máa rí ọmọ tiwọn. Màá lọ wá wọn wá."

Ọ̀gá wọ gíláàsì rẹ̀ padà, ó wò ó pẹ̀lú àánú. "Ẹ lọ wá wọn, mà. Inú mi á dùn bẹ́ ẹ bá rí wọn."

Bí Àǹtí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ kiri nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkòríta ló kọ́kọ́ yà sí, láàárọ̀ Sátidé. Onígbàjámọ̀ yìí gan-an, nígbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, kò sí bèbí kan nínú kíláàsì tí kò gé irun orí rẹ̀ dànù. Bó ṣe rí Àǹtí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfárí lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí mi àtàtà! Ṣé ẹ fẹ́ ká bá yín gé e mọ́lẹ̀ ni?"

"Orí mi ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Ọmọ ni mò ń wá."

Ọkùnrin tó wà lórí àga ìfárí gbé orí sókè láti wo ẹni tó sọ ọ́, ẹ̀rọ sì la ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i lẹ́yìn orí.

"Ọmọ kẹ̀, Àǹtí?" ni onígbàjámọ̀ wí, ojú rẹ̀ ti là. "Ní... bẹ́ ẹ ṣe wà yìí?"

"Ọmọ tí màá kọ́ níwèé ni, ìwọ aláìmojú!"

Ẹ̀rín bú jáde. Ọkùnrin tí wọ́n ba irun rẹ̀ jẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti bínú. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ ló kọ́kọ́ tán. Ó fà bẹ́ǹṣì kan, ó jókòó.

"Ìwọ, ọmọ ọdún mélòó lo wà báyìí?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mà."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà, mà. A ti ń fẹ́ra bọ̀, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́sàn-án."

"Ọdún mẹ́sàn-án! Kí lẹ wá ń wò?"

Onígbàjámọ̀ gbọn irun kúrò lára aṣọ tó wà lọ́rùn oníbàárà rẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú dáhùn. "Ilé ni, Àǹtí. Yàrá kan ṣoṣo ni mò ń gbé, bí mo bá nawọ́, á kan ògiri méjèèjì. Òun náà ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí òun parí ìwé tí òun ń kà nírọ̀lẹ́ ná. Èmi náà ní kí n kúrò ní ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù ná. Tó bá fi di ọdún tó ń bọ̀..."

"Èmi ti bí ẹyọ kan," ni oníbàárà orí àga wí. "Ẹni ogójì ọdún ni mí nígbà tá a bí i. Mi ò lókun òmíràn, ká má parọ́."

Bàbá arúgbó kan tó ń dúró de kí ó kàn án ká ìwé ìròyìn rẹ̀ pọ̀. "Èèyàn mẹ́jọ ni ìyá tiwa bí," ó ní. "Ẹ gbọ́ o, mẹ́jọ. Kò tíì pé ogún ọdún tó fi bí ẹ̀gbọ́n wa àgbà. Àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ọ̀hún, tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ọmọ wa jọ, wọn ò pé méjìlá. Àwọn ọmọ wa wá ńkọ́? Láti inú gbogbo wọn, ọmọ mẹ́ta péré ló tíì jáde. Ìyá wa ò lè dárúkọ gbogbo ọmọ ọmọ rẹ̀ láìṣìṣe. Èmi, ẹyọ kan ni tèmi, fọ́tò rẹ̀ ni mo sì ń rí."

Onígbàjámọ̀ tan ẹ̀rọ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ sáà bá wa tọ́jú àyè sílẹ̀," ó ní, bí ẹ̀rọ ṣe ń dún. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì í o. A ń bọ̀."

Àǹtí fẹ́ béèrè pé ìgbà wo. Ó rí bí ọmọkùnrin náà ṣe doríkodò sórí irun tó ń gé, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sínú.

Ó rin àdúgbò náà já lọ́jọ́ yẹn. Ilé kan wà tó jẹ́ pé ajá méjì ló jáde wá pàdé rẹ̀, wọ́n wọṣọ. Ní ilé míì, tọkọtaya kan tí òun kọ́ àwọn méjèèjì po tíì fún un, wọ́n fi yàrá tí wọ́n ń tún kùn hàn án, wọ́n ní bóyá lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá fìdí múlẹ̀. Gbogbo wọn ló yẹ́ ẹ sí. Gbogbo wọn ló ní ìdí, kò sì sí èyí tó lè dá wọn lẹ́bi rẹ̀ nínú àwọn ìdí náà.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tó gbọ́ ariwo. Ó dúró sójú títì. Ariwo ọmọ ni, ojúlówó, irú èyí tí wọ́n fi ìkòkò lu nǹkan sí. Ó tẹ̀ lé e dé ilé aláwọ̀ ewé kan lópin òpópónà, ó kànlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ẹni ogún ọdún lọ ló ṣílẹ̀kùn, ó gbé ọmọ kan sí ìbàdí, ọmọ kejì sì rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tòun ti ọmọrí ìkòkò lọ́wọ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Kí Àǹtí tó dáhùn, obìnrin kan yọrí láti ilé ìdáná, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. Ó wo Àǹtí títí.

"Ojú Ìwé!" ó pariwo. "Ṣé kì í ṣe ìwọ rèé?"

Láti ìgbà tí Àǹtí ti wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó tún fi orúkọ yẹn pè é. Ó wo obìnrin náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn gbọọrọ. "Ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín!"

Wọ́n dì mọ́ra. Bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jọ jókòó lé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan kì í gbójú kúrò nínú ìwé, ìkejì kì í fẹsẹ̀ kan dúró lójú kan, kò sì sí ọkùnrin tó lè bá a sáré ní gbogbo ilé-ìwé. Kò tíì ju ọdún méjì lọ tí Ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín kó dé àdúgbò yìí. Ó fa Àǹtí wọlé, ó ń nàka sí àwọn èèyàn bí ẹni tó ń fọjà han oníbàárà.

"Màmá mi nìyẹn lórí àga, etí wọn ti di, kí wọn sókè. Èyí, ọmọ ọmọ mi ni. Ìyá rẹ̀ tí mo bí ń ṣiṣẹ́ nílùú míì. Àwọn jàǹdùkú méjì yìí, ọmọ tirẹ̀ ni. Èmi ni ìyá ìyá ìyá wọn. Kí wọ́n tó pe gbogbo ìyá yẹn tán, ebi á ti pa wọ́n kú, torí náà wọ́n kàn ń pè mí ní Mọ́mì. Ìwọ ńkọ́? Mélòó lo bí?"

"Mi ò bí," ni Àǹtí wí.

Ọmọrí ìkòkò dún gbàgà lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì wá jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àǹtí ń wò wọ́n yí ká yàrá. Ọdún kan náà ni wọ́n bí òun àti obìnrin yìí. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí òun ṣègbéyàwó ni ẹgbẹ́ òun yìí ti ń sin ọmọ lọ sílé ọkọ. Ìgbà tí òun àti ọkọ òun wá sọ pé ó yá, ká bímọ báyìí, Ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín ti ń gbé ọmọ ọmọ jó. Ohun tí kò ká òun lára nígbà náà, bí ọdún márùn-ún níbí, bí ọdún mẹ́fà lọ́hùn-ún, wọ́n ti kó ara wọn jọ di odidi ilé èèyàn lọ́dọ̀ ẹlòmíì, wọ́n sì ti di yàrá òfìfo lọ́dọ̀ tòun.

"Má wò mí báyẹn," ni Ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín wí. "Láti ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń jẹ́ ìyá. Mi ò tíì jókòó jẹun tán lẹ́ẹ̀kan kí ẹnì kan má sunkún. Ṣé o rántí pé wọ́n ní wọ́n á mú mi lọ sí ìlú ńlá láti lọ sáré? Aṣọ ìsáré ti wà nínú àpò mi. Oyún ló kọ́kọ́ dé bá mi. Ìwọ, o kàwé, o jókòó, o gbọ́ èrò ọkàn ara rẹ. Mo máa ń rántí rẹ, mo máa ń ní, Ojú Ìwé á ti ṣe gbogbo ohun tó fẹ́."

Àǹtí sọ ohun tó gbé òun wá. Ọmọbìnrin tó gbé ọmọ síbàdí kò jẹ́ kó parí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gba àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mi ò fẹ́ bí ẹ̀kẹta báyìí. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo lè fọwọ́ ara mi ṣe kó tó di pé mo tún gbóyún."

Ọmọ kejì kò tíì tó ẹni tó ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi rárá. Àǹtí ní òun á gbà á.

Ọmọ méjì nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rí ẹyọ kan sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ìsinmi, orí fọ́ ọ, ó sì yà sí ilé oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báǹkì. Obìnrin tó ni ín, Aláròyé ni wọ́n ń pè é nígbà tó wà ní kíláàsì Àǹtí, torí tí wọ́n bá ní kí gbogbo ọmọ sùn lọ́sàn-án, òun ló máa ń sọ fún wọn ohun tí wọ́n máa lá. Báyìí, ó wọ kóòtù funfun, ó ń ta oògùn, ó ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ méjì. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlógójì, ọdún tó kọjá ló sì ṣègbéyàwó.

Ó fún Àǹtí ní oògùn orí fífọ́, ó bu omi fún un. Nígbà tí Àǹtí sọ ohun tó gbé òun rìn káàkiri látọjọ́ yìí, Aláròyé kò rẹ́rìn-ín bíi ti àwọn tó kù. Ó ní kí àwọn ọmọṣẹ́ máa lọ sílé, ó yí pátákó ẹnu ọ̀nà sí "A ti tì," ó sì wá jókòó sórí páálí oògùn kan níwájú Àǹtí.

"Àǹtí, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Ẹ má bínú sí mi."

"Béèrè."

"Ìgbà wo lẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ tiyín?"

Kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Àwọn èèyàn máa ń béèrè bóyá ó bímọ, tó bá ti ní rárá, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Àǹtí mu omi ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

"Èmi àti ọkọ mi, a tètè ríra wa. Mi ò tíì pé mẹ́rìnlélógún. Mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́, a ní kí n parí. Mo parí. Òun náà ní àwọn àbúrò tí bàbá wọn kú fi sílẹ̀, ó ní kí wọ́n kúrò lọ́rùn òun ná. Wọ́n kúrò. A ṣègbéyàwó, mo ti lé lọ́gbọ̀n. Ó wá ní òun tó ń kọ́lé fún gbogbo ayé, ọmọ òun ò ní ti ilé onílé jáde. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, yóò tún máa to búlọ́ọ̀kù tiwa nírọ̀lẹ́, èmi á máa tan iná sí i. Inú wa dùn nígbà yẹn, o gbọ́? A ti pín àwọn yàrá náà tán. Àwọn ọkùnrin níbí, àwọn obìnrin lọ́hùn-ún. Nígbà tá a kan pánù sórí rẹ̀, mo ti lé díẹ̀ lọ́dún tí ìwọ wà yìí. Mo gbóyún lóòótọ́. Ó bàjẹ́. Mo tún gbé òmíràn, ó dàgbà ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun náà bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́."

Ọkọ̀ kan kọjá níta, iná rẹ̀ kọ yẹ̀rì lára àwọn ìgò.

"Ìdí tó dára ni gbogbo ìdí tá a ní," ni Àǹtí wí. "Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Tó bá jẹ́ pé ìwà wèrè la hù ni, ǹ bá rí ẹni bú."

Omi ti ń bọ́ lójú Aláròyé. "Oṣù kẹwàá rèé tá a ti ń gbìyànjú. Gbogbo òru ni mo máa ń kà á lórí ìka. Mo lóògùn gbogbo nǹkan nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Àǹtí, ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi ni?"

"Mi ò ní sọ fún ẹ pé ó ti bọ́, mi ò sì ní sọ fún ẹ pé kó o fọkàn balẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tílẹ̀ bá ti mọ́, kí ìwọ àti ọkọ rẹ jọ lọ rí dókítà. Ẹ má dúró de ohunkóhun mọ́. Ẹ má dúró de ọdún, ẹ má dúró de yàrá."

Àǹtí dìde, ó gbá a mọ́ra, ó sì rìn lọ sílé. Orí rẹ̀ ò fọ́ mọ́. Nígbà tó dé inú ilé, ó jókòó sí pálọ̀ láìtan iná, torí kò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ gbogbo ìyẹn rí, àfi bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ni. Ká ní ọkọ rẹ̀ wà, ì bá sọ fún un pé, mo sọ ọ́ síta lónìí. Nígbà ayé ọkùnrin náà, wọn kì í mẹ́nu kan án. Oúnjẹ, iṣẹ́, òjò tó fẹ́ rọ̀, wọ́n ń sọ gbogbo ìyẹn. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn gan-an, wọ́n sì dákẹ́ fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn kí ọ̀kan má bàa dun èkejì.

Ọjọ́ ìwọlé dé, ọmọ mẹ́fà ló wà. Wọ́n ti kíláàsì náà. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ wá bá Àǹtí já àwọn àwòrán kúrò lára ògiri, sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n sì ń bó ọ̀dà ògiri tẹ̀ lé ara rẹ̀. Kò nu gíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó kàn bọ́ ọ sápò. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wá kó àwọn ọmọ, ọmọbìnrin tó máa ń béèrè ìdí gbogbo nǹkan dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, kí ló dé tí ẹ̀yin ò wọkọ̀?"

"Mo ti tóbi jù fún àga ibẹ̀ ni."

Ọmọ náà rò ó wò, ó gbà, ó sì wọkọ̀.

Wọ́n sìn Àǹtí lóòótọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa nípa rẹ̀. Fún ọdún kan, ọmọ ọmọ Ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá sílé Àǹtí láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ aránṣọ. Wọ́n ya nǹkan sára ògiri yàrá kan, Àǹtí ò sì pa á rẹ́. Nígbà tí ọmọbìnrin náà parí iṣẹ́, ìyá rẹ̀ bá a wá iṣẹ́ sí ìlú tó wà, gbogbo wọn sì kó lọ tọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, àti Ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín àti ìyá arúgbó. Ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín máa ń pè é lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ wọn kì í gùn, ẹnì kan á sáà sunkún lẹ́yìn rẹ̀, á ní, "Ojú Ìwé, mo ń bọ̀," á sì gbàgbé.

Onígbàjámọ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Wọ́n ti rí ilé yàrá méjì. Wọ́n ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀.

Ní ti Aláròyé, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ rí dókítà láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀nà náà gùn, abẹ́rẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, oyún kan sì bàjẹ́ lórí rẹ̀. Àǹtí ló jókòó tì í ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lórí aṣọ ìbora. Aláròyé ti lé lógójì kó tó wá bí ọmọkùnrin kan, ó pupa fòò, ohùn rẹ̀ lọ sókè. Gbogbo àdúgbò wá wò ó. Bàbá arúgbó tó máa ń dúró fárí lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ náà wá, ó wo ọmọ náà títí, ó gbàgbé fìlà rẹ̀ lọ.

Ọmọ náà di ẹni ọdún mẹ́ta. Nígbà tó tó àkókò àtilọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, kò sí ọ̀kankan ládùúgbò mọ́. Bọ́ọ̀sì ń gbé e lọ sí òdìkejì ìlú láàárọ̀ kùtù, á ti sùn lọ fọnfọn nígbà tí wọ́n bá gbé e dé nírọ̀lẹ́. Ní Sátidé, tí ìyá rẹ̀ bá wà ní ilé oògùn, ọ̀dọ̀ Àǹtí ló ń wá. Kò sí ọmọ míì ní òpópónà náà tó lè bá ṣeré, torí náà ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a ṣe. Á to àga pálọ̀ ní ìlà, á bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á bá èyí tí kò dáhùn wí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Aláròyé wá mú un, kò sì tètè lọ. Ó jókòó sí ilé ìdáná, Àǹtí gbé tíì fún un.

"Mo fẹ́ bí òmíràn, kó lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀," ó ní. "Mo lọ rí dókítà. Wọ́n ní ká má tan ara wa jẹ."

"Wọ́n ṣe é dáadáa tí wọ́n sọ òótọ́ fún ẹ."

"Bí mo bá pé ọgọ́ta, kò ní tíì pé ogún. Bí àwa bá kú, àwọn àga yẹn náà ló máa kù fún un."

Àǹtí fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ti Aláròyé. Láti pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ ohùn ọmọ náà, ó ń sọ fún ẹnì kan pé kó jókòó dáadáa. Wọ́n jọ gbọ́ ọ títí tíì fi tutù.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Aláròyé pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tóbi jù, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Àǹtí sìn wọ́n dé géètì. Ó padà wọlé, ó dá àwọn àga padà sípò, ó fọ ife méjèèjì. Ó ku ife wàrà ọmọ náà lórí fèrèsé, ìdajì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó mu ún tán lórí ìdúró, ó fọ ọ́, ó sì pa iná ilé ìdáná.